Kẹ̀kẹ́ Oníjíà àti Àáró Bàbá Mi

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọjà Kabba ti mọ̀ mí débi pé tó bá ti rí mi lókèèrè, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a wí. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó wọ aṣọ tíṣà, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó wá ń béèrè ṣéènì àti wáyà bíréèkì, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nílùú wa. "Tíṣà, kí ló tún kú?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kí mi, bí ẹni pé ẹbí mi kan ló wà lórí àìsàn tí mò ń wá oògùn rẹ̀ kiri.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mi ò bá a ṣàwàdà. Mo ti ọwọ́ bọ báàgì, mo yọ irin kékeré kan tí mo wé sínú ọ̀rá, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀. Irin yẹn ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníjíà. Òun ló ń ti ṣéènì kúrò lórí eyín kan bọ́ sórí òmíràn, kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá ń gun òkè. Ọwọ́ jíà là ń pè é. Tiwa ti kán sí méjì. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó mi orí, ó wá dárúkọ owó kan. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, owó náà kò sì yí padà. Ó ju iye tí mo fi ra odidi kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ kìíní lọ, pẹ̀lú táyà rẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, pẹ̀lú agogo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bínú. Mo máa ń tètè bínú. Ìyá mi ní ata ni òun jẹ jù nígbà tí òun lóyún mi. Mo bi ọkùnrin náà bóyá wúrà ni wọ́n fi rọ irin ọ̀hún. Ó ní òun kọ́ ni òun gbé dọ́là gun orí àjà. Mo ní kò sẹ́ni tó ń ná dọ́là ní Kabba. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kó ẹrù wọlé láti òkè òkun ń ná an, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó fi owó epo ọkọ̀ lé e, ẹni tó gbé e dé Lọ́kọ́ja náà sì fi tirẹ̀ lé e. "Orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá rà á ni gbogbo rẹ̀ wá ń sọ̀ sí," ó ní, "ẹ má bínú, tíṣà." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ká ní ó bá mi jà ni, ìbá dùn mọ́ mi. Mo wé irin tó kán náà padà sínú ọ̀rá, mo lọ sílé.

Bàbá mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Odò-Ape ni òun àti ìyá mi ń gbé. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti bàjẹ́. Tó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn tó wà lójúde, yóò di igi náà mú, yóò sì dúró kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó di géńdé. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ẹ̀gbẹ̀, òun ló sì là á yé wa pé orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ìwúwo ara ń wà, kì í ṣe orí orúnkún, pé kí bàbá máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kó sì dín ìrìn kù. Inú bàbá mi dùn sí dókítà yẹn ju gbogbo dókítà ayé lọ.

Kẹ̀kẹ́ tó ní nígbà náà ni kẹ̀kẹ́ gíga tí gbogbo àgbẹ̀ ń gùn tẹ́lẹ̀, èyí tí kò ní jíà. Ó dára lórí ilẹ̀ títẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín Odò-Ape àti àwọn oko, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó gùn, tó sì ga, tí a ní láti gùn kí a tó dé ibi tí ilẹ̀ iṣu wà. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ gíga débẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa tì í. Títì sì rèé, ìrìn ni. Nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni mo fi lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, tí mo sì ra kẹ̀kẹ́ oníjíà, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gùn lórí òkè, tí táyà rẹ̀ nípọn, tó ní eyín bí ayùn. Nígbà náà owó oṣù tíṣà ṣì lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bàbá ti padà di ọmọ ilé-ìwé. Ó ní ọmọ ilé-ìwé tó máa ṣáájú wọn dóko ni òun. Ó sì ń ṣáájú wọn lóòótọ́. Tó bá dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yí wéréwéré, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa rá gòkè díẹ̀díẹ̀, òun náà á jókòó sórí rẹ̀ bí ọba. Mo tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mò ń mí gúlegúle.

Ibi tó ń lọ kánkán bẹ́ẹ̀ ni àáró. Àwọn àgbẹ̀ méje ló wà nínú àáró bàbá mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà pọ̀. Mùsùlùmí bíi tiwa wà nínú wọn, ọmọ ìjọ wà nínú wọn. Nítorí náà wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn kì í sì í ṣe é lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ tó bá kù ni wọ́n máa ń pín: lónìí, oko tìrẹ ni gbogbo wa yóò kó ọkọ́ lọ, tó bá di ọjọ́ mìíràn, oko tèmi. Ní àdúgbò tiwa, a kì í dúpẹ́ nínú àáró. Ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ta? Ohun tí o ṣe fún mi ni èmi náà yóò ṣe fún ọ. A kì í sì í se oúnjẹ rẹpẹtẹ. Oníkálukú á dì tirẹ̀ wá, ẹni tó loko á wulẹ̀ pèsè omi, bóyá àti iṣu sísun tí wọ́n á fi panu.

Ọ̀wẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àna ẹni, fún opó, fún ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, fún arúgbó tí agbára rẹ̀ ti tán. Ilé ẹni tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ti máa ń se oúnjẹ, wọ́n á gbé e lọ bá wọn lóko, ẹni náà á sì dìde dúpẹ́. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lè ṣe ọ̀wẹ̀ fún àgbàlagbà kan nítorí ọjọ́ orí, kò sẹ́ni tó tún máa pè é sí àáró. Wọn kò ní lé e, wọn kò ní sọ ohunkóhun. Wọn á kàn máa kọjá níwájú ilé rẹ̀.

Bàbá mi kò lè kọ ebè mọ́, gbogbo wọn ló mọ̀. Èbù ni ó ń gé. Yóò jókòó sídìí iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn, yóò máa gé e sí wẹ́wẹ́ tó yẹ kó bọ́ sínú ebè, wọ́n sì kà á sí iṣẹ́ ẹnìkan gedegbe. Kò sí ẹni tó fojú kéré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èbù kì í rìn wá bá èèyàn nílé. Inú oko oníṣu ló wà, ẹni tó bá máa gé e gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ bàbá mi, àáró sì ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin.

Ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ni tíúbù, ẹ̀gún ọ̀nà oko ló lu ú. Mo ra òmíràn, mi ò tilẹ̀ ná an. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo ná an títí ẹnu fi gbẹ mí. Nígbà tó di ti táyà, mo fi bàtà tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀ kí owó náà lè pé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, owó tó ra táyà méjì nígbà kan kò lè ra ọ̀kan. Epo mọ́tò lọ sókè, wọ́n ní nítorí epo ni. Nígbà tí ẹ̀rọ rédíò ní epo ti wálẹ̀ díẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò mi pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ìgbà tí epo wọ́n ni wọ́n gbé e wá. Mo rò pé ká ní wọ́n ń san owó oṣù wa pẹ̀lú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, à bá ti kọ́lé.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé nǹkan kan dé Odò-Ape, bàbá mi kì í sọ pé o ṣeun. Yóò gbà á lọ́wọ́ mi, yóò yí i yẹ̀ wò nínú oòrùn, yóò ní, "Èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Tó bá wá di pé mo fẹ́ padà sí Kabba, màá bá iṣu tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó tóbi dáadáa, tó ti fi koríko wé kí wọ́n má baà bó. Èmi náà kì í dúpẹ́. Màá gbé iṣu mi, màá gun ọ̀kadà, màá lọ. Mo máa ń rojọ́ pé báàgì ti wúwo jù fún mi, òun á sì ní ṣé mi kì í jẹun ni.

Ìyá mi ni kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wáyà bíréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tí bàbá mi ń sọ̀ bọ̀ ló là á mọ́lẹ̀. Wáyà yẹn ti gbó, ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti so ó ní kókó, nítorí pé mo ní kó fara dà á di ìparí oṣù. Kẹ̀kẹ́ gbé bàbá wọ inú igbó. Igbó ló gbà á, bó bá jẹ́ òkúta ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná wẹ ọwọ́ rẹ̀ tó bó, òun alára sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé bí igbó ṣe là níwájú òun.

Ìyá mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Ìwọ ń bẹ ní Kabba," ó ní. "O ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa ń jókòó síbí nírọ̀lẹ́, tí mo máa ń tẹ́tí sí agogo kẹ̀kẹ́. Tí mi ò bá tíì gbọ́ agogo, omi kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Jọ̀ọ́, fi owó yẹn ra nǹkan mìíràn."

Mo ní, "Ìyá, bí kò bá lọ sóko, kí ni yóò máa ṣe?"

"Yóò máa wà láàyè," ó dá mi lóhùn.

Nígbà tó yá, mo lọ ra wáyà tuntun.

Kùkùté igi kan ló wá pa ọwọ́ jíà. Ó fara pa mọ́ sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gbá ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́. Irin náà kán, ó sì wọ inú àwọn wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fa mélòó kan já. Mo wá irú rẹ̀ ní Kabba, mi ò rí ju èyí tí mo ti sọ nípa owó rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wo Lọ́kọ́ja, wọ́n ní ti ibẹ̀ tún wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń dá àjọ kí wọ́n jẹ́ kí n kó ṣáájú. Wọ́n ní ẹni tó kàn ti fi tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ, kí n mú sùúrù kí ó yí kàn mí. Mo gbà, kò sóhun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣe ohun tó lè ṣe. Ó ge ṣéènì kúrú, ó fi í sórí eyín kan ṣoṣo, ó ní kí bàbá máa gùn ún bẹ́ẹ̀ ná. Ó rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí jíà nínú rẹ̀ mọ́. Bó ṣe dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó dúró. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tì í. Ọjọ́ kìíní, ó dé oko nígbà tí àwọn yòókù ti ń sinmi. Ọjọ́ kejì, kò dé rárá. Ẹnìkan bá a níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó fi ọwọ́ di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì darí rẹ̀ padà sílé.

Mo ní kó máa gun ọ̀kadà. Ó gùn ún. Ọ̀kadà kì í gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọ oko, ibi tí ọ̀nà gbòòrò parí sí ló máa ń já a sí, ìrìn tó kù lẹ́yìn ìyẹn ló sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnìkan nínú àáró tilẹ̀ gbé iṣu wá bá a nílé, ó ní kí bàbá gé èbù níbẹ̀, kí òun wá kó o. Bàbá gé e. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní, "Ọkùnrin kì í jókòó sílé ṣe àáró." Kò tún jẹ́ kí wọ́n gbé òmíràn wá.

Bẹ́ẹ̀ ni oko ẹni mẹ́ta kọjá tí bàbá mi kò débẹ̀. Ó ń kà á. Tí mo bá pè é lórí fóònù, kì í béèrè àlàáfíà mi kó tó béèrè irin. "Ṣé o ti rí i?" Màá ní ó kù díẹ̀. Ó ní òun ti jẹ àwọn èèyàn ní gbèsè ẹsẹ̀, pé bí òun bá ti rí irin yẹn, òun á lọ gé èbù fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àáró, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Ó ti ṣètò gbogbo rẹ̀ sínú orí rẹ̀.

Àáró wá kan oko tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, nítorí náà mo wá láti Kabba. Mo rò pé bóyá wọn kò ní wá, nígbà tó jẹ́ pé kò lọ sí ti àwọn mìíràn. Ìyá mi ní wọ́n ti kọjá láti òwúrọ̀, gbogbo wọn, pẹ̀lú ọkọ́. Bàbá mi ti ṣáájú wọn. Ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń sinmi, ó ń tì í, títí ó fi dé òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n lè bá a níbẹ̀.

Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, mo rí odó méjì, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń gúnyán. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ wà lórí iná.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń sè?"

"Oúnjẹ."

"Fún ta ni?"

"Fún àwọn tó wà lóko bàbá rẹ."

Mo wo àwọn obìnrin náà. Wọ́n ń gúnyán lọ, wọn ò gbé ojú sókè. "Ìyá, àáró ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

Ó fi ìpàkọ̀ kọ́ mi, ó ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́. "Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe," ó ní. "Ilé àgbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ilé àgbẹ̀ ni mo tún lọ. Gbé igbá yẹn."

Mo gbé igbá yẹn. Gbogbo wa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá mi ló ṣáájú. Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ju bàbá lọ, ṣùgbọ́n kò dúró níbì kankan.

Àwọn ọkùnrin rí wa láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ́ kan dúró, òmíràn dúró. Olórí wọn, ẹni tó dàgbà jù lẹ́yìn bàbá mi, na ẹ̀yìn, ó sì nu ojú. "Okun o, ìyá," ó kí i bí a ṣe ń kíni ládùúgbò wa, "okun o." Ohùn rẹ̀ kéré. A sọ ẹrù kalẹ̀ sábẹ́ igi. Ìyá mi ṣí ìdérí ìkòkò, òórùn ẹran bo gbogbo ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ, wọ́n ń dúró de bàbá mi.

Ó jókòó sídìí iṣu, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èbù tó ti gé kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí kò tíì gé náà sì pọ̀. Ó wo ìkòkò. Ó wo ìyá mi fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi kò gbójú kúrò. Ẹ̀rù bà mí pé yóò pariwo, pé yóò ní ká gbé oúnjẹ padà, mo sì ń gbàdúrà pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ní kí o sè é?" ó bi í.

"Èmi ni," ìyá mi ní.

Bàbá mi nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fi í sínú àkọ̀. Ó na ọwọ́, mo sì fà á dìde. Ó di èjìká mi mú, ó yíjú sí àwọn tó ti jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ó ní, "Ẹ wá jẹun. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá ràn mí lọ́wọ́. Ọlọ́run Ọba yóò san án fún yín."

Olórí wọn ní, "Àmín, bàbá." Bàbá ló pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, "ọ̀rẹ́ mi" ló máa ń pè é. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Bàbá mi náà fọ ọwọ́, ó sì jẹun dáadáa, ó tilẹ̀ bu ọbẹ̀ kún un. Ìyẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ẹnìkan nínú wọn lọ jókòó sídìí iṣu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé èbù tó kù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi ìyá mi bóyá ó mọ ohun tó ṣe. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti fi ẹnu sọ ọ́ fún un títí, kò gbọ́, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá òun láti inú igbó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rìn lọ. Mo bínú sí i, mo ṣì ń bínú sí i nígbà mìíràn. Mo sì mọ̀ pé òun ló tọ̀nà, èyí tún ń bí mi nínú sí i.

Àjọ yí kàn mí lẹ́yìn tí èbù ti hù. Mo kó owó náà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ní kí n jókòó ná kí òun tó sọ iye rẹ̀ fún mi. Ó tún ti gun òkè. Mo fi owó tèmi kún un, mo rà á. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí mo fi rà á. Bóyá mi ò fẹ́ kí irin náà ṣẹ́gun wa pátápátá. Mo gbé e lọ sí Odò-Ape, ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe dè é mọ́ ibẹ̀, ó fi ṣéènì tuntun sí i, ó sì yí jíà lọ, yí i bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Bàbá mi gùn ún yí ojúde ká, ó sì gùn ún lọ sí mọ́sáláṣí fún Ásárì. Ọ̀nà mọ́sáláṣí tẹ́jú, kò sí ibi tí a ti ń yí jíà níbẹ̀. Mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ nígbà tó ń bọ̀. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà, kò gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn nígbà tí àwọn aláàáró ń kọjá lọ, ọkọ́ wà léjìká wọn. Oko olórí wọn ló kàn. Wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀ bí a ṣe ń kí àgbà. "Okun o, bàbá," wọ́n ní, "ẹ kú ìjókòó." Ó dá wọn lóhùn, ó béèrè àwọn ọmọ wọn, ó sì ṣe àdúrà fún wọn pé kí iṣu ta. Kẹ̀kẹ́ náà fara ti igi lẹ́yìn wa. Bàbá mi ń wò wọ́n títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí igbó bò wọ́n.

Mo dìde pé mo fẹ́ máa lọ sí Kabba. Mo gbé báàgì mi, mo sì yà sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí iṣu níbẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo rò pé bóyá ó gbàgbé, bóyá ó máa pe ẹnìkan kó lọ gbé e wá látinú àká. Ó tẹ̀ lé mi wá, ó di ògiri mú, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá ọwọ́ mi mú.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "O ṣe gudugudu fún mi. Ọlọ́run Ọba yóò san án fún ọ."

Mo ní àmín. Ọ̀kadà ti ń dúró dè mí. Mo gùn ún, mo gbé báàgì òfìfo lé orí itan, a sì lọ.